Odò ló ń gún amọ̀: ìrìn-àjò mi sọ́dọ̀ àwọn ìdílé amọ̀kòkò ní Kyushu

Ọjọ́ Ajé: Fukuoka sí Arita

Nínú àwọn erékùṣù ńlá mẹ́rin ilẹ̀ Japan, Kyushu ló wà ní gúúsù jù lọ, òun ló sì súnmọ́ Kòríà jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ amọ̀ fi gbilẹ̀ níbẹ̀ kò ní pẹ́ rí i pé ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi, tó ti ń gbé ní Fukuoka láti ìgbà tó ti wá kàwé, ló pàdé mi. Òun ló gbọ́ èdè, òun ni yóò máa jẹ́ ẹnu fún mi. Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé n kò wá wo ilé gogoro. Àwọn ìdílé tó ń mọ ìkòkò ni mo ń wá, àwọn tí bàbá ti ń fi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ fún ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ. Mo fẹ́ mọ ohun náà gan-an tí wọ́n ń fi léra wọn lọ́wọ́. Ṣé orúkọ ni? Ṣé ìmọ̀ ọwọ́ ni? Àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú àlejò kì í tètè rí?

Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Hakata, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú Fukuoka, kò lò tó wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó já wa sí Arita, ìlú kékeré kan tó tẹ́ gbọọrọ sáàárín òkè. Láàárín 1592 sí 1598, Toyotomi Hideyoshi, alágbára tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, gbé ogun lọ bá Kòríà. Ogun náà kò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn olúwa ilẹ̀ Kyushu kó àwọn amọ̀kòkò Kòríà bọ̀ wálé. Ọ̀kan nínú wọn ni Yi Sam-pyeong, tí àwọn ará Japan ń pè ní Ri Sampei. Ìtàn ìlú sọ pé òun ló rí òkúta funfun ní Izumiyama ní nǹkan bí ọdún 1616, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi ṣe tánganran. Àwo amọ̀ ti wà ní Japan láti ayébáyé, ṣùgbọ́n Arita ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe tánganran níbẹ̀.

A lọ sí Izumiyama. Níbi tí òkè wà nígbà kan, kòtò ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n lápá kan, ó funfun lápá kejì. Wọ́n ti wa òkè náà, wọ́n ti fi ṣe àwo, àwọn àwo náà sì ti rìn dé ààfin àwọn ọba Yúróòpù. Lónìí, àwọn erékùṣù Amakusa, ní Kyushu kan náà, ni ọ̀pọ̀ nínú òkúta tí wọ́n ń lò ti ń wá.

Nírọ̀lẹ́ a gun òkè lọ sí ojúbọ Tozan. Ojú irin ló dábùú ọ̀nà rẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ wo ọ̀tún wo òsì kó tó kọjá lọ júbà. Tánganran ni wọ́n fi ṣe torii rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, láti ọdún 1888: ó funfun, wọ́n sì fi búlúù ya ewé àti ìtàkùn sí i lára. Èyí tó dá mi dúró ju ẹwà rẹ̀ lọ ni àwọn tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ri Sampei wà nínú wọn. Nabeshima Naoshige, olúwa ilẹ̀ tí ogun rẹ̀ kó o kúrò nílé, wà nínú wọn pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n kó nígbèkùn àti ẹni tó kó o, ojúbọ kan náà ni wọ́n jọ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yin àwo Arita, mo fẹ́ kó mọ èyí mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Agboolé Kakiemon

Nangawara, létí Arita, ni agboolé àwọn Sakaida Kakiemon wà. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé ilé àtijọ́ tó wà nínú ọgbà náà. Igi kaki wà níwájú rẹ̀, èso rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú nítorí pé oṣù kọkànlá la wà.

Kakiemon àkọ́kọ́ ni ìtàn fún ní ìyìn pé òun ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà láti fi ọ̀dà pupa yàwòrán sórí tánganran ní Arita, ní àwọn ọdún 1640. Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ fi iná ńlá sun àwo náà títí yóò fi le tí yóò sì dán. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń kun ọ̀dà, tí wọ́n á tún dá a padà sínú iná tí kò gbóná tó ti àkọ́kọ́, kí ọ̀dà lè mú láìjó. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Dutch tó wà ní Nagasaki ra àwo yìí lọ sí Yúróòpù, wọ́n rà á débi pé nígbà tí ilé iṣẹ́ Meissen bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1710, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àfarawé Kakiemon.

Ìtàn tó mú mi lọ́kàn jù nínú agboolé náà ni ti nigoshide, tánganran tó funfun bíi wàrà, tí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ lójú rẹ̀ kí pupa àti àwọ̀ ewé lè yọ dáadáa. Amọ̀ rẹ̀ máa ń sún kì púpọ̀ nínú iná, ọ̀pọ̀ a sì fọ́. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n pa á tì. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé tí ọwọ́ ìdílé náà kò ṣe é mọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Kakiemon kejìlá àti ọmọ rẹ̀, ẹni tó di Kakiemon kẹtàlá, tún tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Wọ́n po amọ̀, wọ́n sun ún, ó fọ́, wọ́n tún un pò, títí ó fi bọ́ sí i ní ọdún 1953. Bàbá àti ọmọ ń wá ohun tí bàbá ńlá wọn mọ̀.

Ní ti orúkọ: ẹni tó bá jogún ilé a fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, a sì di Kakiemon. Ìkẹrìnlá, tí ìjọba fi jẹ oyè olùtọ́jú ọnà ìbílẹ̀ tó ga jù ní ọdún 2001, kú ní 2013. Ọmọ rẹ̀ di ìkẹẹ̀ẹ́dógún ní 2014. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé Imaizumi Imaemon nínú ìlú, níbi tí ìkẹrìnlá wọn wà lórí àléfà báyìí. Aka-e-machi ni agbègbè tiwọn, àdúgbò àwọn tó ń fi ọ̀dà yàwòrán. Láyé àwọn Nabeshima, olúwa ilẹ̀ ló ń pinnu iye ilé tó lè ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá sì lè fi àṣírí rẹ̀ hàn, kí ìlú mìíràn má baà jí i.

Bí a ti jókòó níta, àbúrò mi bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè fi orúkọ tí bàbá wa sọ yín sílẹ̀ nítorí iṣẹ́?” N kò tètè rí ìdáhùn. Orúkọ lásán kọ́ ni ọmọ náà ń gbà. Gbogbo àwo dáadáa tí àwọn mẹ́rìnlá ti ṣe ṣáájú rẹ̀ ni wọn yóò máa gbé ka iwájú rẹ̀ láti fi wọn tirẹ̀. Ẹrù ńlá ni. Ẹni tó bá gbé e tí kò wó lulẹ̀, mo kí i tọkàntọkàn.

Ọjọ́rú: sí Hita

Ọkọ̀ la wọ̀ púpọ̀ lónìí. Hita wà ní ẹkùn Oita, ìlú odò àti igi ni. Ọwọ́ ìjọba ṣógùn, ọ̀gágun àgbà tó ń ṣàkóso Japan, ló wà tààrà láyé àtijọ́, kì í ṣe abẹ́ olúwa ilẹ̀ kankan. Àwọn ilé ìrẹ́gi pọ̀ níbẹ̀, igi kédárì ni wọ́n ń là jù. Ẹ fi igi yìí sọ́kàn, yóò wúlò lọ́la. Ní oṣù keje ọdún 2017, ẹ̀kún omi gbé afárá ojú irin kan lọ ní ìlú yìí, odindi ọdún kan ni wọ́n fi ń tún un ṣe. A jẹun, a sùn.

Ọjọ́bọ̀: Onta

Bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè lọ kò pọ̀ lóòjọ́, nítorí náà kùtùkùtù la ti wà ní ibùdókọ̀. Sarayama ni wọ́n ń pe abúlé náà. Onta ni orúkọ àwo rẹ̀.

Kí a tó rí ilé kankan la ti ń gbọ́ ọ. Gìì! Ó dákẹ́. Gìì! Ó tún dákẹ́. Òmíràn a dáhùn lókè odò, òmíràn a dáhùn nísàlẹ̀. Bí ìgbà tí àwọn ìyá mélòó kan ń gún iyán lẹ́yìnkùlé tí ebi kò pa ẹnikẹ́ni ló rí létí mi. Karausu ni, odó tí omi ń gún. Igi páìnì ńlá ni wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀ kan kó lè gba omi, wọ́n sì fi ọmọ odó sí orí rẹ̀ kejì. Omi odò ń dà sínú ibi gbígbẹ́ náà. Bó bá kún, ìdí a rẹlẹ̀, orí a gbéra. Omi a dànù, orí a já lulẹ̀, a gún amọ̀ tó wà nínú kòtò. Kò sí mọ́tò, kò sí iná mànàmáná. Tọ̀sán-tòru ló ń gún. Ní ọdún 1996, ìjọba Japan ka ìró yìí mọ́ ọgọ́rùn-ún ìró tó yẹ kí wọ́n pa mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà, wọn kò sì ṣì í kà.

Amọ̀ náà wá láti ara òkè tó yí abúlé ká. Gbogbo ilé ló jọ ń wà á, wọ́n á sì pín in dọ́gba. Ó le gan-an nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni odó omi fi ń gún un kó tó kúnná. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ilé á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á tún sẹ́ ẹ, wọ́n á wá gbé e lọ gbẹ. Àwọn ọkùnrin ló ń jókòó sídìí àgbá kẹ̀kẹ́, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó ń yí amọ̀ po bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n. Nílẹ̀ Yorùbá, láti Ìlọrin dé Ìpetumodù, obìnrin ló ni ìkòkò, ìyá ló ń kọ́ ọmọbìnrin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ní ọdún 1705 ni amọ̀kòkò kan nínú ìdílé Yanase kúrò ní Koishiwara, ní apá kejì òkè, wá tẹ ibẹ̀ dó. Ẹnì kan nínú ìdílé Kuroki bá a dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìdílé Sakamoto sì fún wọn nílẹ̀. Títí di òní, orúkọ mẹ́ta yìí àti Kobukuro lẹ ó máa rí lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Àwọn ilé tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ní ilé kọ̀ọ̀kan ló ń jogún iṣẹ́ náà, àwọn yòókù á wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Wọn kì í gba ọmọ ẹ̀kọ́ láti ìta.

Bàbá kan jẹ́ kí a dúró wo òun. Àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń ta á. Ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí ìkejì, ìgbẹ́sẹ̀ mẹ́ta péré sí i, kò sì sí ẹ̀kẹta nínú ilé náà. Kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí bàbá náà dá kẹ̀kẹ́ dúró, àbúrò mi bi í léèrè bóyá ó ń kọ́ ọmọ náà. Ó ní òun kò kọ́ ọ, ó ń wo òun ni.

Mo wá bèèrè ìdí tí wọn kò fi ra ẹ̀rọ tí yóò máa lọ amọ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó rẹ̀ kò kọjá agbára wọn. Ó na ọwọ́ sí odò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ń wá kiri láti Ọjọ́ Ajé. Bí odò bá ṣe ṣàn tó ni amọ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Amọ̀ tí odó omi lè gún fún ilé kan, ọwọ́ bàbá àti ọmọ ló lè mọ ọ́n tán, kò lè tó ẹlòmíràn. Nítorí náà ni ilé kan kì í fi ní ju àgbá kẹ̀kẹ́ méjì lọ, nítorí náà ni ọmọ kan ṣoṣo fi ń jogún, nítorí náà ni kò fi sí àyè fún ọmọ ẹ̀kọ́. Bí ilé kan bá ra ẹ̀rọ, yóò mọ púpọ̀, yóò nílò amọ̀ ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, òkè jẹ́ ti gbogbo wọn, ìjà dé nìyẹn. Ìmọ̀ ọwọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àdéhùn lórí omi àti ilẹ̀ ni bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ ní Onta, òun ló sì gbé ọwọ́ náà ró.

Ọjọ́ Ẹtì: ìléru

A sùn ní Hita, a sì tún padà gòkè. Ó bọ́ sí i fún wa: ìléru àjùmọ̀ní ń jó. Ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, yàrá mẹ́jọ tó tẹ̀ léra, ìkan ga ju ìkan lọ, kí ooru ti ìsàlẹ̀ lè máa gòkè lọ mú ti òkè gbóná. Àwọn ilé tí kò ní tiwọn ló jọ ń lò ó. Iṣẹ́ náà ju ọjọ́ méjì lọ, wọ́n ń fi oorun dù ú. Ẹ rántí igi kédárì Hita: àwọn pátákó ẹ̀gbẹ́ tí ilé ìrẹ́gi kò nílò ni wọ́n ń jù sínú iná láti ẹ̀gbẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan wo àwọ̀ iná náà látojú ihò, ó mi orí, wọ́n sì bọ́ sí yàrá tó kàn. Kò wo aago.

Amọ̀ Onta dúdú nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fi amọ̀ funfun ṣíṣàn bo ojú àwo kí wọ́n tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ràn jù. Ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kan àwo náà léraléra bó ti ń yí, ipasẹ̀ rẹ̀ á sì tò yípo láti àárín dé etí. Ìkejì ni tobikanna: wọ́n á gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n sábà máa ń fi sípíríńgì aago àtijọ́ ṣe, ti ara amọ̀ tó ń yí, irin náà á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún, á máa họ amọ̀ funfun kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpá kékeré á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo wò ó títí tí àbúrò mi fi fà mí lápá.

Ẹ yí àwo náà padà, ẹ kò ní rí orúkọ ẹni tó mọ ọ́n lábẹ́ rẹ̀. Yanagi Soetsu, ẹni tó lo ayé rẹ̀ láti fi yé àwọn ará Japan pé ọnà àwọn aláìlórúkọ níyì, wá síbẹ̀ ní ọdún 1931, ó sì kọ̀wé yìn ín. Ní 1954, Bernard Leach, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ṣẹ́ ní Japan, wá gbé àárín wọn, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn oníbàárà wá ń ya bo òkè náà láti àwọn ìlú ńlá. Owó ń pe ilé kọ̀ọ̀kan pé kó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, kó kọ orúkọ. Wọn kò kọ ọ́. Nígbà tí ìjọba sì bu ọlá fún iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ gbogbo amọ̀kòkò abúlé ni wọ́n fún, kì í ṣe ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ Leach yìí kàn wá nílé. Michael Cardew, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá sí Nàìjíríà ní 1951 tó dá ibùdó ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí. Ní ọdún 1954 kan náà tí Leach wà ní Onta ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, wọ ibùdó náà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ti bàbá rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ iṣẹ́ láti kékeré; ọwọ́ rẹ̀ ti pé kí Cardew tó rí i. Àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́yìn owó náírà 20. Mo yọ ọ̀kan nínú àpò mi, mo fi han bàbá tí a bá sọ̀rọ̀ lánàá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wo bí obìnrin náà ṣe di ìkòkò mú, ó sì pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ibi tí ẹ̀kún omi 2017 ti gbé odó omi lọ hàn wá. Òkè ya, ẹrẹ̀ dí odò. Igi tuntun ni wọ́n tún gbẹ́. Ẹ̀rọ ì bá ti rọrùn jù nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ì bá dá wọn lẹ́bi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Koishiwara

A yá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, a kọjá sí apá kejì òkè. Koishiwara ni ìyá Onta, láti 1682 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Amọ̀ wọn àti ọ̀ṣọ́ wọn jọra, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti pín. Ilé ìmọkòkò tó lé ní ogójì ló wà níbẹ̀, iná mànàmáná ń yí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọn, olúkúlùkù ló ń fi orúkọ ilé rẹ̀ tajà. A bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan nídìí kẹ̀kẹ́, bàbá rẹ̀ ń to àwo sẹ́yìn ọkọ̀. Òun ni yóò jogún ilé náà.

Inú mi dùn púpọ̀ láti rí i, n kò sì ní fi pamọ́. Àdéhùn Onta lẹ́wà lójú mi, mo sì gbà pé òun ló pa iṣẹ́ náà mọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ kan ṣoṣo ń jogún, bí ọmọ náà bá lóun kò ṣe, ta ni yóò tẹ̀ lé e? Mo rò pé bí ọjọ́ bá dé tí ó di dandan kí Onta tún nǹkan kan ṣe, ọ̀ràn àwọn ọmọbìnrin ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan odò. Àwọn ló ti ń sẹ́ amọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú: Fukuoka

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: láti Fukuoka, bọ́ọ̀sì òpópónà márosẹ̀ ń lọ sí Hita tààrà. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì Sarayama lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì mọ ti èyí tó kẹ́yìn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọdún àwo wọn máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá; ẹ lọ nígbà náà bó bá jẹ́ pé ọjà lẹ fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ẹ yan ọjọ́ mìíràn bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ wò. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Àwo pẹrẹsẹ méjì àti ìgò kan ni mo rà, àbúrò mi sì ti fi bébà dì wọ́n.